Fíìmù Apààyàn Inú Ọsibítù: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Ń Bi Wá Léraléra ní Ìkòròdú

Kí ni wọ́n ń pè ní "slasher" gan-an?

Fíìmù ẹ̀rù ni, ṣùgbọ́n gbogbo fíìmù ẹ̀rù kọ́ ni slasher. Apààyàn kan ló máa ń wà níbẹ̀, tí yóò máa fi ọ̀bẹ tàbí nǹkan mímú mìíràn pa àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku ẹnì kan ṣoṣo. Ojú kan náà ni gbogbo wọn sábà máa ń wà, ibẹ̀ kì í sì í rọrùn láti sá kúrò. Àwa níbí kàn ń pè é ní fíìmù apààyàn.

Psycho tí Alfred Hitchcock ṣe ní 1960 ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí baba ńlá irú fíìmù yìí. Halloween tí John Carpenter gbé jáde ní 1978 ló wá jẹ́ kí gbogbo ayé máa ṣe é. Owó tí wọ́n fi ṣe Halloween kò pọ̀ rárá lójú àwọn ará Amẹ́ríkà: ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 dọ́là àti díẹ̀ lórí rẹ̀. Ìbòjú tí apààyàn náà fi bo ojú, ìbòjú olówó pọ́ọ́kú tó wà lórí igbá ni. Wọ́n kùn ún ní funfun, ó parí.

Tí apààyàn náà bá wá jẹ́ ẹ̀mí ńkọ́?

Ibẹ̀ ni nǹkan ti le. Ní 1984, Wes Craven ṣe A Nightmare on Elm Street. Ẹni tó ti kú ni apààyàn inú rẹ̀, ojú àlá ló sì ti ń pa àwọn ọmọ tó ń sùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí fà yọ nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀mí náà ní ìlànà: bí o kò bá sùn, kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹ̀mí tó lè ṣe ohun gbogbo kì í ba èèyàn lẹ́rù pẹ́. Òǹwòran á kàn ká ọwọ́ lẹ́rán ni, á máa wò ó bí ẹni ń wo òjò.

Nítorí náà, ẹ fún ẹ̀mí yín ní èèwọ̀. Kò sí òrìṣà tí kò ní èèwọ̀, kò sí eégún tí kò ní. Nínú fíìmù kúkúrú tí ẹgbẹ́ wa ṣe, ohun tí gbogbo wa gbọ́ láti kékeré la mú lò: bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lóru tí o kò rí ẹni tó ń pè ọ́, má jẹ́. Ẹ wá fi ìyẹn sí wọ́ọ̀dù ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe pé kó máa jẹ́ ìpè?

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọsibítù? Ṣé ilé lásán kò tó ni?

Ilé lásán ní ìlẹ̀kùn tí èèyàn lè tì mọ́ orí ara rẹ̀. Ọsibítù kò ní. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kò lè sá: dírípù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú abẹ kò tíì jinná, aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un kò bo ẹ̀yìn rẹ̀ tán. Bí ẹnì kan bá sì wọlé ní aago méjì òru pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú, tó mú abẹ dání, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló wá ṣe. Apààyàn àti olùtọ́jú ń wọ aṣọ kan náà níbẹ̀. Apá kejì Halloween, tó jáde ní 1981, inú ọsibítù ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ tán, ìdí nìyí.

Ṣùgbọ́n ọsibítù tiwa tún ní nǹkan tí ti òyìnbó kò ní. Tiwa kún fún àwọn tí ara wọn dá, tí wọ́n ń ṣọ́ aláìsàn. Ẹ wo ìyá kan tó tẹ́ ẹní sí kọ́rídọ̀, tó fi báàgì ṣe ìrọ̀rí, tó gbé fúláàsì omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Kì í gbójú sókè mọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá, torí ìró bàtà ló fi ń mọ̀ wọ́n: èyí nọ́ọ̀sì, èyí dókítà, èyí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ mọ́ṣúárì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàtà nọ́ọ̀sì dún bọ̀, ó dún dé ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ó dún kọjá. Ìyá yìí la ojú. Kò rí ẹsẹ̀ kankan.

A kò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ rárá nínú ìran yẹn, òun sì ni gbogbo èèyàn ń sọ.

Iná tó ń lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dìde, òun náà wà níbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ti mọ́ wa lára jù.

Ṣé kì í ṣe nǹkan òyìnbó ni gbogbo èyí ṣá?

Rárá o. Ní 1938 ni D. O. Fágúnwà ti kó ọdẹ wọ igbó tí ẹ̀mí kún inú rẹ̀. Hubert Ògúndé gbé Àìyé jáde ní 1979, Jáíyésinmi sì tẹ̀ lé e ní 1980. Àwọn òbí wa tó wò wọ́n nígbà náà kò tíì gbàgbé.

Èyí tó jọ slasher jù lójú tèmi ni Tí Olúwa Ni Ilẹ̀ ti Túndé Kèlání, tó jáde ní 1993. Àwọn èèyàn kan para pọ̀ ta ilẹ̀ tí kò ṣe é tà, ikú wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri fún ikú. Ẹ yọ ọ̀bẹ kúrò nínú slasher, ẹ fi ẹ̀ṣẹ̀ sí i, ohun tí yóò kù sí yín lọ́wọ́ nìyẹn. Òyìnbó máa ń bi ara rẹ̀ pé ta ló kàn. Yorùbá máa ń bèèrè pé kí ni wọ́n ṣe. Bí ìtàn yín kò bá dáhùn ìbéèrè kejì yẹn, àwọn òǹwòran tiwa kò ní dá yín sí.

Irú ẹ̀mí wo ló yẹ ká lò? Ṣé àkúdàáyà lè jẹ́ apààyàn?

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nìyí. Àkúdàáyà kì í pààyàn. Ẹni tó kú láìtọ́jọ́ ni, tó lọ sí ìlú mìíràn, tó ń ṣòwò, tó ń fẹ́yàwó, tó ń bímọ. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n látijọ́ bá ti rí i, á pòórá. Ẹni tó ń sá fún ojú èèyàn kò ní máa lé èèyàn kiri wọ́ọ̀dù. Abíkú náà kọ́, òun ní tirẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ ni. Ìwin sì nílò igi, àpáta tàbí omi. Ẹ má gbé e wá sórí táìlì.

Òkú tó ní ẹjọ́ ni kí ẹ lò. Àwọn baba wa máa ń ro òkú ẹni tí wọ́n bá fura pé wọ́n pa ni. Wọ́n á fi ọ̀bẹ tàbí àdá lé e lọ́wọ́, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá alààyè sọ̀rọ̀, pé kó má lọ sùn, kó lọ bá ẹni tó rán an lọ sọ́run láìtọ́jọ́. Ṣé ẹ rí i? Òkú, ọ̀bẹ, orúkọ ẹni tó fẹ́ lọ bá. Kí la tún fẹ́ yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Níbo la ti lè yà á ní Ìkòròdú?

Ẹ má ṣe yà á nínú ọsibítù tó ń ṣiṣẹ́, kódà bí ẹni tó ni ín bá gbà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Aláìsàn tó bá jí lóru, tó rí ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ kun ara ní kọ́rídọ̀, kò ní mọ̀ pé fíìmù ni.

Ẹ wá ilé ìgbẹ̀bí tó ti kógbá sílé, tàbí kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi. Láti Sábó dé Ìgbógbó títí lọ sí Ìmọ̀tà, irú ilé bẹ́ẹ̀ kò wọ́n. Ohun tó ń sọ yàrá di wọ́ọ̀dù kò pọ̀: ẹ fi pẹ́ńtì dídán aláwọ̀ ewé tàbí búlúù kun ìdajì ògiri nísàlẹ̀, kí òkè jẹ́ funfun, ẹ kọ nọ́ńbà sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi gọ́ọ̀sì àti ike oògùn sórí tábìlì onírin. Ẹ wá fi ìsálì nu ilẹ̀ kí àwọn òṣèré tó dé. Kámẹ́rà kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn á yí padà.

Ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹni tó ni ilé, baálẹ̀, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò àti àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ. Igbe "Ẹ gbà mí!" ní aago kan òru kì í ṣe eré létí ẹni tí kò mọ̀. Ẹ bèèrè ọjọ́ ọdún Mágbó àti ọjọ́ Orò pẹ̀lú kí ẹ tó pe àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ yín síṣẹ́. Ìlú Orò ni Ìkòròdú.

A kò ní kámẹ́rà ńlá. Ṣé fóònù lè ṣe é?

Ó lè ṣe é. Àwọn ọmọ Ìkòròdú Bois fi fóònù, ìkòkò àti kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣe àfarawé àwọn fíìmù ńlá, gbogbo ayé wò wọ́n, Netflix sì fi ohun èlò ránṣẹ́ sí wọn ní 2020. Ìkòròdú níbí ni wọ́n ti ṣe é.

Kí la lè fi ṣe ẹ̀jẹ̀?

Ife ṣúgà méjì, ife omi kan. Ẹ sè é títí yóò fi máa fà bí oyin, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ po àwọ̀ pupa tí àwọn oníkéèkì ń lò mọ́ ọn, kí ẹ wá bu ìyẹ̀fun kòkó díẹ̀ sí i, nítorí pupa nìkan á dà bí fàńtà lójú kámẹ́rà. Àwọ̀ dúdú tí kòkó fún un ló ń sọ ọ́ di ẹ̀jẹ̀. Kódà ṣokoléètì olómi ni Hitchcock lò ní 1960, torí pé fíìmù rẹ̀ kò ní àwọ̀.

Ẹ má ṣe gba ẹ̀jẹ̀ màlúù lọ́wọ́ alápatà. Ó ń rùn kí wákàtí kan tó pé, eṣinṣin á bò ó, ó sì lè kó àìsàn ran òṣèré.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí wa tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Òṣèré wa kan sùn sílẹ̀ bí òkú fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kò mira, a sì ń yìn ín. Ìgbà tí a ní kó dìde la rí i pé èèrà ti bo ọrùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn etí. Ṣúgà ló pè wọ́n. Ó rọ́jú nítorí iṣẹ́, ọrùn rẹ̀ sì wú fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, bí a bá ti da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹnì kan máa ń dúró pẹ̀lú omi àti aṣọ ìnura, kò sì sí òkú tó ń ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nílẹ̀.

Ṣé a lè lo ọ̀bẹ tàbí abẹ gidi, tí a bá ṣọ́ra?

Rárá. Ẹ gé páálí, ẹ kùn ún ní àwọ̀ fàdákà. Síréńjì náà, ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ ń ba ohùn wa jẹ́. Kí la lè ṣe?

Ẹ pa á. Iná tí wọ́n ń ṣaájì mẹ́ta tó fún wọ́ọ̀dù kan, fíìmù ẹ̀rù kò sì nílò ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà wá gba ohùn lọ́tọ̀: omi dírípù tó ń kán, fáànù tó ń ké, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó ń ha ilẹ̀.

Orin ńkọ́? Carpenter fúnra rẹ̀ ló ṣe orin Halloween, dùùrù tó ń tẹ ohun kan náà léraléra ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àwa gbìyànjú gángan, a yọ ọ́ kúrò. Gángan ń sọ̀rọ̀ jù, òǹwòran á máa wá ìtumọ̀ ohun tó ń wí. Dírípù nìkan la fi sílẹ̀.

Ta ló yẹ kó kú, ta ló yẹ kó yè?

Nínú slasher ti òyìnbó, ọmọbìnrin kan ló sábà máa ń kù. Carol J. Clover, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ ní "final girl" nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1987. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ jẹ́jẹ́ ni, àwọn tó ń ṣe fàájì ló ń ṣáájú kú.

Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n máa pa ọmọbìnrin torí pé ó lọ sóde fàájì. Ikú inú fíìmù gbọ́dọ̀ ní ohun tó fà á, fàájì kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ikú. Ní tiwa, agbálẹ̀ ló yè. Ẹ lọ wo wọ́ọ̀dù èyíkéyìí: agbálẹ̀ ló ń rí ohun gbogbo, kò sì sẹ́ni tó ń bi í ní ohunkóhun.

Ṣé irú fíìmù yìí kò ní lé àwọn èèyàn kúrò ní ọsibítù? Nọ́ọ̀sì ni mí, inú mi ò dùn sí i.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ló bi wá ní ìbéèrè yìí jù, ẹ sì jàre láti bi í. Aboyún tó bá torí fíìmù wa bímọ sílé lè kú, a ò sì fẹ́ ìyẹn lọ́rùn wa. Ìdí nìyí tí a fi mú nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wá ka ìtàn wa kí a tó yà á. Ó fi bírò fa ìlà sí ibi mọ́kànlá. Ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń rẹ́rìn-ín sí aláìsàn, ó ní ká yọ ọ́: "Àárẹ̀ ló ń ṣe wá, kì í ṣe ìkà. Ẹ fi àárẹ̀ hàn." A yọ ọ́, fíìmù náà sì túbọ̀ dẹ́rù bani.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín pé kò sí ohun tó ń dùn mí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù àdáni kan lóru, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Wọ́n ní ká lọ mú owó wá kí wọ́n tó ṣí géètì. Ó yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ibòmíràn ni wọ́n ti gbà wá. Mi ò gbàgbé gáàdì náà. Kò pariwo mọ́ wa. Ṣe ló di irin géètì mú láti inú, tó ń bẹ̀ wá pé ká má bínú. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ ọ́ kedere pé ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì. Inú géètì yẹn ni ẹ̀mí inú fíìmù wa ti wá.

Ìwé àṣẹ wo la nílò kí a tó gbé e jáde?

Àjọ NFVCB, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, ló ń yẹ fíìmù wò tó sì ń fún un ní ipò ọjọ́ orí. Slasher kò lè sá fún 18, ẹ má ṣe bá wọn jiyàn. Láti 2024 sì ni wọ́n ti túbọ̀ tẹra mọ́ fíìmù tó ń gbé oògùn owó àti fífi èèyàn ṣètùtù lárugẹ. Bí ìtàn yín bá kan irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó hàn gbangba pé ibi ni.

Ọmọ mi ọdún mẹ́wàá fẹ́ wò ó. Ṣé kí n jẹ́ kó wò ó?

Ẹ má jẹ́ kó wò ó. Bó bá ti wò ó, ẹ jẹ́ kó rí àwòrán ibi tí a ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára òṣèré, kí iná yàrá rẹ̀ sì wà lójú títí oorun á fi gbé e.

Ṣé a gbọ́dọ̀ ṣe ètùtù tàbí àdúrà kí a tó yà á?

Nínú ẹgbẹ́ wa, Mùsùlùmí wà, Kírísítẹ́nì wà, ẹni tó ń bọ Ògún náà wà. Oníkálùkù gbàdúrà tirẹ̀ láàárọ̀, a sì ń dúró de ara wa. Ohun tí a kọ̀ ni pípe ọfọ̀ gidi níwájú kámẹ́rà. Bàbá kan tó mọ̀ ọ́n sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ kì í mọ̀ pé eré ni. A kọ tiwa, tí kò ní orúkọ kankan nínú.

Ìkòròdú rí Badoo. Ẹ̀yin tún ń ṣe fíìmù apààyàn. Ṣé ẹ kò gbàgbé ni?

A ò gbàgbé. Ní 2016 àti 2017, àwọn apààyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé tọ àwọn èèyàn lójú oorun, wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ wọn lórí, tìyá-tọmọ. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń ṣọ́de títí ilẹ̀ fi ń mọ́, àwọn mìíràn kó ẹrù wọn lọ. Àwọn aláìṣẹ̀ náà kú, torí ẹnì kan nawọ́ sí wọn pé Badoo nìyí, èrò sì dáná sun wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n léèrè.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la kì í ṣe. Ọmọ ọlọ kò sí nínú fíìmù wa. A kì í pa ẹni tó ń sùn. A kì í sì í fi ẹni tí èrò ń lù ṣe àwàdà. Àwọn kan ní ká fi Badoo ṣe ìtàn, pé á tà. A ní rárá. Àwọn tó ni òkú ọ̀hún ṣì ń ra ẹ̀fọ́ pẹ̀lú wa ní Sábó.

Ohun tí a wá ń ṣe ni pé gbogbo ẹni tó bá kú nínú ìtàn wa gbọ́dọ̀ ní orúkọ, àti nǹkan tí kò tíì ṣe tán. Èyí ní aṣọ tí kò tíì gbà lọ́wọ́ télọ̀. Èyí ṣèlérí fọ́ọ̀mù fún àbúrò rẹ̀. Bí apààyàn bá dé, ohun tó ń gé ni ìyẹn.

Agbálẹ̀ yẹn jẹ́ ìpè lóru, kò sì kú. Ṣé ẹ kò ba èèwọ̀ yín jẹ́?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù lẹ́yìn tí wọ́n bá wò ó tán nìyí. Ẹ padà lọ wo ikú àkọ́kọ́. Ẹ̀mí náà pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì gbọ́, ó bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò jẹ́. Dókítà gbọ́, kò jẹ́. Gáàdì gbọ́, ó gbé rédíò sókè. Gbogbo wọn rò pé jíjẹ́ ló ń pani, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹ̀yin náà rò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Obìnrin tó kú, tó wá di ẹ̀mí yẹn, pe èèyàn láti aago mọ́kànlá òru títí di ìdájí, lórí bẹ́ẹ̀dì 7, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Dídákẹ́ ni ẹjọ́ tó ní. Agbálẹ̀ nìkan ló ka orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àtijọ́ tí wọ́n ní kó lọ sun. Nígbà tí ohùn náà dún, ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo ń bọ̀."